Inú Ọkọ̀ Wa, Láti Orí Pákó Bọ́lẹ̀kájà Dé Inú Jíìpù Kékeré

Bí ẹnì kan bá gbéra láti Command ní Alimosho, l'Ékòó, lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ lónìí láti yẹ jíìpù kékeré tuntun wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn án. Ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ṣí. Wọ́n á ní kó wọlé kó jókòó, wọ́n á tan ojú ẹ̀rọ gbàgàdà tó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ní kó fọwọ́ kan awọ ìjókòó, kó gbójú sókè wo gíláàsì òrùlé tó ń ṣí. Ìgbà tí inú ọkọ̀ náà bá ti wọ̀ ọ́ lójú tán ni wọ́n á wá ka iye owó: gíréèdì ìsàlẹ̀, ti àárín, àti èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní full option. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń lò, ara irin wọn kò sì yàtọ̀. Inú ló yàtọ̀, inú náà ló ń ru owó sókè.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ta inú ọkọ̀ fún wa. Tí a bá tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan á hàn kedere: ohun tó ń dán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ olówó, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀mí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọkọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yan gíréèdì mọ ìtàn yìí kó tó fọwọ́ síwèé.

Nígbà tí Ford gbé Model T jáde ní Amẹ́ríkà ní 1908, ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà nílẹ̀ Yorùbá kò pọ̀ rárá. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là lásìkò Gómìnà Walter Egerton, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ sọ títa mọ́tò àti títún mọ́tò ṣe di iṣẹ́ òòjọ́. Kí ló wà nínú ọkọ̀ nígbà náà? Ìjókòó tí wọ́n ki irun ẹṣin sínú rẹ̀, tí wọ́n fi awọ tàbí ohun tó jọ awọ bò. Òrùlé aṣọ tí a lè ká sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀ láìsí gíláàsì. Bí òjò bá dé, ó di kí èrò inú ọkọ̀ tutù rinrin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku pupa ni wọ́n ń gbé wọlé.

Henry Ford kò fún oníbàárà láyè láti yan nǹkan púpọ̀. Láti 1914 títí dé 1925, dúdú nìkan ni àwọ̀ Model T. General Motors lábẹ́ Alfred Sloan ló yí ọjà náà padà láwọn ọdún 1920. Wọ́n to ọkọ̀ wọn ní ìpele ìpele, láti orí Chevrolet tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n dé orí Cadillac, kí ẹni tí owó rẹ̀ bá lé sí i lè rí ibi tó kàn láti gùn sí. Gbogbo LX, LE, XLE àti Limited tí à ń kà lẹ́yìn ọkọ̀ lónìí, ibẹ̀ ni gbòǹgbò wọn wà.

Ìpele tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bedford àti Austin, ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ wọn ló ń dé èbúté. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń kan ìyókù. Pákó ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, tí à ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, pákó ni ìjókòó, tí èrò ń fún mọ́ra wọn lórí rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àti adìyẹ. Ṣùgbọ́n ìjókòó kan wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tó ní tìmùtìmù. Owó ibẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò tó rí já jẹ ló ń jókòó síbẹ̀. Tìmùtìmù kan ṣoṣo yẹn ni full option ayé ìgbà náà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn bọ́lẹ̀kájà ni pé ọwọ́ wa ni inú ọkọ̀ wà. Káfíńtà tó ń kàn án mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ náà máa tọ̀, ó mọ bí oòrùn ṣe ń mú, ó mọ irú ẹrù tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń gbé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí èrò. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ Zarpas ń kó èrò títí di 1958 tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó gbà á. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ńlá tí à ń pè ní mólúè gbòde lẹ́yìn náà, àwọn wẹ́dà ilẹ̀ wa ló ń jó irin ìjókòó inú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá sókè fún àwọn tó máa dúró. Ara kò rọ èrò mólúè, òótọ́ ni, ewu sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ṣe é mọ ẹni tó ń ṣe é fún.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ nílẹ̀ yìí: Peugeot ní Kaduna, Volkswagen ní Ọ̀jọ́. Ti Ọ̀jọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gbéra láti Command, tó gba Ìyànà-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgàndó, tó já sí Ìyànà-Ìba, títì Bàdágìrì ló máa bọ́ sí, ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Volkswagen sì wà níbẹ̀ dòní. Owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lásìkò kan náà, ọ̀pọ̀ tí kò ronú kan mọ́tò rí sì di onímọ́tò.

Beetle ti Volkswagen ni ọ̀pọ̀ wọn rà. Inú rẹ̀ mọ níwọ̀n: ojú aago roboto kan tó ń ka eré, àyè rédíò, àpótí kékeré fún ìwé ọkọ̀, àti fèrèsé onígun mẹ́ta tín-ín-rín níwájú tí a lè yí síta kó máa darí atẹ́gùn sí awakọ̀ láyà. AC kò sí níbẹ̀. Packard ti gbé ọkọ̀ tó ní AC jáde ní Amẹ́ríkà ní 1939, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ń lálàá rẹ̀. Peugeot 504 ló mú àlá náà sún mọ́ tòsí. Ìjókòó rẹ̀ jinlẹ̀, ó rọ̀, ó sì gbà kí èèyàn lọ sí Kaduna láìsọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sọ ipò ẹni tó ni ín: GL, GR, SR. SR ni àwọn ọ̀gá ń gùn. Gíláàsì tí wọ́n gbé sókè gan-an lọ́sàn-án gangan sì di àmì pé AC wà nínú ọkọ̀, àmì pé ẹni ńlá ń kọjá.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1986 dé, Ọ̀gágun Babangida sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́, agbára ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ àti ti Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Tòkunbọ̀, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ló gba ọjà. Ó gba Kútọnù àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ó gba èbúté Tin Can, láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, nígbà tó yá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ohun tí tòkunbọ̀ ṣe sí inú ọkọ̀ wa, àwọn èèyàn kì í sábà sọ ọ́. Kì í ṣe káfíńtà wa ló ń pinnu mọ́, kì í ṣe ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ náà. Àjèjì kan tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ló yan gíréèdì náà, ara tirẹ̀ ló sì ń rò. Ẹ wo inú Honda CR-V tó wá láti Kánádà. Ẹ ó rí bọ́tìnì méjì nítòsí jíà, tí wọ́n ya àwòrán ìjókòó sí, pẹ̀lú ìlà wérewère mẹ́ta tó ń gòkè bí èéfín. Ẹni àkọ́kọ́ tó rà á sanwó lé e kí ìjókòó lè máa gbóná lábẹ́ òun lásìkò òtútù. L'Ékòó, lọ́sàn-án oṣù kẹta, ta ló fẹ́ tẹ bọ́tìnì yẹn? Síbẹ̀ ó wà lára ohun tí ẹni tó ń tà á fi ń ka ọkọ̀ náà mọ́ full option.

Àwọn èèyàn wa sọ tòkunbọ̀ lórúkọ tó wù wọ́n. Wọ́n ní Camry Orobo, Big Daddy, Muscle, Spider. Wọ́n ní Honda Bulldog àti End of Discussion. Ìrísí ìta ni gbogbo orúkọ yìí ń sọ. Tó bá kan inú, gbólóhùn tí ẹ máa gbọ́ kò pọ̀: leather wà, thumb start wà, kámẹ́rà ẹ̀yìn wà, AC ń tutù. Ó ṣòro kéèyàn gbọ́ iye airbag, àpò atẹ́gùn tó ń dáàbò bo èèyàn, tó wà níbẹ̀. Àwọn tó bá sì ra ọkọ̀ tuntun, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi bo ìjókòó kúrò fún ọdún gbọọrọ, kí ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé tuntun ni. Wọ́n á wá máa làágùn lórí ọ̀rá, wọn ò sì ní jàǹfààní ìjókòó tí wọ́n sanwó fún.

Jíìpù kékeré fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà. Toyota gbé RAV4 jáde ní 1994, Honda tẹ̀ lé e pẹ̀lú CR-V ní 1995. Kó tó di ìgbà náà, orí irin bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sábà ń kọ́ jíìpù lé, ó wúwo, ó ń mu epo. Àwọn ará Japan yìí kọ́ tiwọn lórí ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí inú rẹ̀ láyè. CR-V àkọ́kọ́ ní ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an: pákó tó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀tù rẹ̀, tí èèyàn bá yọ ọ́, ó ní ẹsẹ̀ tó ń ṣí, ó di tábìlì. Tábìlì odidi, fún ìdílé tó bá fẹ́ jẹun ní gbangba. Àárín ìjókòó méjèèjì iwájú kò ní ohun ìdíwọ́, àwo pẹrẹsẹ tó ń ká sísàlẹ̀ ló wà níbẹ̀, tí ìyá lè gbà bọ́ sẹ́yìn lọ gbé ọmọ. Ẹni tó ro inú ọkọ̀ yẹn ro ti èèyàn.

Alimosho ni irú ọkọ̀ yìí bá mu. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó. Láti ìgbà tí ìjọba Gómìnà Jákáńdè ti kọ́ ilé sí Abẹ́sàn láàárín 1979 sí 1983 ni òṣìṣẹ́ ti ń ṣí wá síhìn-ín, tí wọ́n sì ń padà lọ síṣẹ́ ní Ìkẹjà, Yaba àti Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́. Títì ńlá ní sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, títì inú àdúgbò ní kòtò àti àgbàrá. Ọkọ̀ tó ga díẹ̀ nílẹ̀ tí kò sì mu epo púpọ̀, ohun tó yẹ wọ́n nìyẹn. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà dé nǹkan bíi 500, jíìpù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti kékeré ni wọ́n ń béèrè.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí báyìí, nítorí ibẹ̀ ni yíyan gíréèdì ti ń le jù.

Nils Bohlin, ẹnjiníà Volvo, ló ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí kọjá ní 1959, Volvo sì jẹ́ kí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nílẹ̀ yìí, 1988 ni wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Títí dòní, ẹ ó rí awakọ̀ tó fa bẹ́líìtì sáyà láì kì í bọ ihò rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àjọ náà má baà dá a dúró. Ó dùn mí tí mo bá rí i. Ohun kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gba owó lé lórí, òun la kì í lò.

Airbag ni tirẹ̀, owó wọ ọ́. Ní 2017, àjọ Global NCAP, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, mú Renault Duster tí wọ́n ń tò ní Íńdíà, jíìpù kékeré bíi ti ọjà tiwa, wọ́n sì fi kọlu nǹkan láti wo bó ṣe máa rí. Gíréèdì ìsàlẹ̀ tí kò ní airbag kankan gba òdo fún ààbò àgbàlagbà. Ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n fi airbag ẹyọ kan síwájú awakọ̀, gba ìràwọ̀ mẹ́ta. Àpò kan ṣoṣo! Ẹni tó ra ti ìsàlẹ̀ lè má mọ̀ láéláé pé ohun tí òun pàdánù nítorí owó díẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń fi àpò tó wà nínú sítíárín hàn oníbàárà. Awọ àti ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi hàn.

Tòkunbọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan lo ammonium nitrate láti fi fẹ́ airbag, ooru àti ọ̀rinrin tó pẹ́ lára rẹ̀ sì ń bà á jẹ́, débi pé bó bá bú, irin tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́n lu ẹni tó yẹ kó dáàbò bò. Ìpè-padà tí ọ̀ràn yìí fà ló tóbi jù nínú ìtàn ọkọ̀, ó sì kan ọ̀pọ̀ Honda, Toyota àti Nissan. Ooru àti ọ̀rinrin kẹ̀, Èkó nìyẹn láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Nọ́ńbà VIN, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀; òun ni a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n pè padà. Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwọn tó ń rán ìjókòó fún wa. Iṣẹ́ wọn dára, ọwọ́ wọn gún. Ṣùgbọ́n nínú jíìpù ìsinsìnyí, airbag ẹ̀gbẹ́ wà nínú ìjókòó fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá rán awọ líle bo ẹ̀gbẹ́ yẹn pinpin, ó lè dí àpò náà lọ́nà nígbà tó bá yẹ kó jáde.

Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi owó orí ìwọlé àti àfikún 35 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan lé ọkọ̀ tó ń wọlé, kí títo ọkọ̀ nílé lè sọjí. Ilé iṣẹ́ Innoson tó ń to ọkọ̀ ti wà ní Nnewi kó tó di ìgbà náà, Nord ti Olúwatóbi Àjàyí dé lẹ́yìn rẹ̀ l'Ékòó. Lójú tèmi, àgbàlá Ọ̀jọ́ ló sọ ìtàn tó dùn jù. Ilé iṣẹ́ Stallion gba àyè tí Volkswagen ti to Beetle, ní 2020 sì ni wọ́n fi Hyundai Kona oníná hàn, jíìpù kékeré tí kò mu epo rárá. Ní oṣù kẹta 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò takisí LagRide pẹ̀lú ọkọ̀ GAC láti Ṣáínà, jíìpù kékeré GS3 wà lára wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò ní ọkọ̀ pàápàá ti ń jókòó sínú jíìpù tuntun, ó ń fojú ara rẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ó kù kí ẹni tó ń rà á yàn. Bí wọ́n bá bi mí, AC ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá ihò AC tó wà fún àwọn ti ẹ̀yìn, tí wọ́n sábà ń yọ kúrò nínú gíréèdì ìsàlẹ̀. Láti Command dé Erékùṣù, ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ ń jókòó. Awọ rọrùn láti nù bí eruku bá bà lé e, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, awọ rẹ̀ ń jó itan. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní leather nínú gíréèdì àárín kì í sì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ tó dára tẹ́ mi lọ́rùn. Gíláàsì òrùlé ní ojú ọ̀nà omi tín-ín-rín tí eruku ọyẹ́ ń dí, òjò oṣù kẹfà ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Gíláàsì dúdú tí gíréèdì òkè ń gbé wá láti ilé iṣẹ́, ẹ rántí pé òfin 1991 lórí gíláàsì dúdú ṣì wà, àwọn ọlọ́pàá sì mọ̀ ọ́n.

Ojú ẹ̀rọ ńlá ni mo ń bẹ̀rù jù. Lórí títì oníkòtò, ìka tó fẹ́ tẹ AC á lọ tẹ rédíò, ojú awakọ̀ á sì kúrò lọ́nà. Honda yọ bọ́tìnì ohùn tó ń yí kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ kan nígbà kan, àwọn oníbàárà sì fárígá títí tí wọ́n fi dá a padà sínú CR-V 2017. Láti 2026, àjọ Euro NCAP, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, kò fẹ́ fún ọkọ̀ ní máàkì tó pé tí wọ́n bá kó nǹkan bíi họ́ọ̀nù, wáípà àti iná tó ń fi hàn pé ọkọ̀ fẹ́ yà sínú ojú ẹ̀rọ láìsí bọ́tìnì gidi. Bọ́tìnì tí ọwọ́ lè mọ̀ láìwò ó ni kí èèyàn wá.

Kí oníbàárà tó fọwọ́ síwèé, kó ní kí wọ́n gbé gíréèdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta sínú oòrùn ọ̀sán, kó wọ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ kí àgbàlagbà méjì jókòó tì í, kí wọ́n tan AC. Lẹ́yìn náà kó wá ibi tí wọ́n kọ airbag sí: sítíárín, iwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó méjèèjì iwájú, òkè fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi mẹ́fà nìyẹn. Kó ṣí bọ́ọ̀tù wò bóyá táyà àfikún wà níbẹ̀ tàbí ìgò oògùn táyà lásán. Bí gíréèdì ìsàlẹ̀ bá ní airbag mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti táyà àfikún, tí atẹ́gùn tútù sì ń dé ẹ̀yìn, òun ni kó sanwó rẹ̀.